Ọjọ́ Mẹ́rin Lórí Trail Ridge Road: Láti Àfonífojì Big Thompson Dé Àfonífojì Poudre

Máìlì 48 péré ni Trail Ridge Road, láti Estes Park dé Grand Lake ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá dúró níbì kankan lè wà á tán láàárín wákàtí méjì. Ọjọ́ mẹ́rin la pín in sí níbí, a sì fi àfonífojì olókùúta méjì kún un, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀nà yìí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára omi tó là á. Odò Big Thompson ni a ó tẹ̀ lé gòkè, odò Cache la Poudre ni a ó tẹ̀ lé sọ̀kalẹ̀. Orísun àwọn méjèèjì kò jìnnà síra wọn lórí òkè.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje ni ètò yìí bá mu. Kí oṣù Keje tó wọlé, Old Fall River Road, ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ tí a ó gbà gòkè ní ọjọ́ kejì, kì í sábà tíì ṣí. Bí oṣù Kẹjọ bá sì ti dé ìdajì, ọ̀pọ̀ òdòdó orí òkè ti rọ. Trail Ridge Road fúnra rẹ̀ máa ń ṣí ní apá ìparí oṣù Karùn-ún, wọ́n sì máa ń tì í pa ní nǹkan bí àárín oṣù Kẹwàá nígbà tí yìnyín bá ti borí.

Kí ọkọ̀ tó gbéra

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán tó fún gbogbo ìrìn yìí. Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí páàdì bá ti kù mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì tó ti pé ọdún méjì nínú ọkọ̀ ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ó máa ń tètè hó bí bíréèkì bá gbóná. Bó bá hó, èéfín rẹ̀ á gba inú ọ̀pá kan, ẹsẹ̀ awakọ̀ á tẹ pẹ́dà, pẹ́dà á rì wọlẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró.

Ní Colorado, nọ́ńbà epo tó kéré jù lójú ẹ̀rọ (octane, ìwọ̀n bí epo ṣe lè ṣe é láti má gbiná kí àkókò tó tó) máa ń jẹ́ 85. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ní 87 ni kí a rà. Ẹ tẹ 87. Kò sí ilé epo kankan nínú ọgbà ìjọba tí Trail Ridge Road gbà kọjá, nítorí náà ẹ kún táńkì ní Estes Park.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ táyà máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lórí òkè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín afẹ́fẹ́ inú táyà àti afẹ́fẹ́ ìta ni géèjì ń kà. Bí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ ìta ń fẹ́lẹ́ sí i, nítorí náà géèjì lè fi nǹkan bíi psi 3 (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ táyà) lékún láti Loveland, ìlú tí a ó ti gbéra, dé ibi tó ga jù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Àmọ́ òtútù ń fà á sẹ́yìn: bí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n Fahrenheit 10 tutù sí i, táyà á pàdánù bíi psi 1. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Ẹ wọn táyà ní Loveland láàárọ̀ kùtù kí ó tó gbóná, ẹ fi sí iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án lórí òkè mọ́. Ẹni tó bá tú afẹ́fẹ́ dànù lókè nítorí pé géèjì sáré yóò bá táyà tó rọ̀ padà sísàlẹ̀.

Owó ìwọlé sí ọgbà Rocky Mountain National Park lọ́tọ̀, ìwé àṣẹ oníwákàtí lọ́tọ̀. Láti ọdún mélòó kan wá, ẹni tó bá fẹ́ wọlé láàárín agogo 9 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán, láti ìparí oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Kẹwàá, ní láti gba ìwé àṣẹ yìí ṣáájú lórí Recreation.gov, ọ̀nà Bear Lake ní wákàtí tirẹ̀ tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yẹ òfin ọdún tí ẹ ń lọ wò, nítorí wọ́n máa ń yí i. Gbogbo ìwọlé inú àkọsílẹ̀ yìí ṣáájú agogo 9, nítorí ìwé àṣẹ àti nítorí àrá ọ̀sán.

Ẹ gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi mímu lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ẹ̀wù òtútù, fìlà, ìbọ̀wọ́, ìpara tó ń dènà oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbọ̀wọ́ nínú oṣù Keje.

Ọjọ́ Kìíní: Loveland sí Estes Park, máìlì 30

Agogo 9 àárọ̀. Loveland wà ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 5,000 sókè òkun, Estes Park ní 7,522. US 34 ni ọ̀nà náà. Ilẹ̀ tẹ́jú títí tí a fi dé ẹsẹ̀ òkè, lẹ́yìn náà òkúta dìde fíofío lọ́tùn-ún lósì ní ibi tí wọ́n ń pè ní the Narrows, tí títì àti odò Big Thompson wá ń du àyè tóóró kan náà.

Ẹ óò rí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ní kí ẹni tí àkúnya omi bá bá níbẹ̀ gun òkè fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ fi ojú pàtàkì wò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje, 1976, òjò dúró sójú kan lókè àfonífojì yìí, ó sì rọ tó ínǹṣì 12 ní àwọn ibì kan láàárín wákàtí mélòó kan. Ó lé ní ènìyàn 140 tó kú. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú ọkọ̀, tí wọ́n fẹ́ sáré ṣáájú omi lójú títì. Omi ò ní kọ́nà tí yóò dẹ eré fún, títì ní. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013 ni àkúnya mìíràn tún wó ọ̀pọ̀ ibi lára ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ sì ń wà lé lórí lónìí ni wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí odò bá ṣàdédé di pupa-dúdú, tó ń gbé igi, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró òkúta tó ń yí lábẹ́ omi, ẹ pa ọkọ̀ tì, ẹ fi ẹsẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ òkè kíákíá. Òjò lè má rọ̀ níbi tí ẹ wà rárá. Òkè ló ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ibí láàárọ̀.

Ìyókù ọ̀nà náà rọrùn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti apẹja pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí náà ẹ má ṣe gba kọ́nà tí ẹ kò rí òpin rẹ̀ pẹ̀lú eré.

Ọ̀sán ní Estes Park, kí ẹ sùn síbẹ̀. Ara nílò alẹ́ kan ó kéré tán ní gíga yìí kí ó tó lọ sókè sí i. Ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ fi ọtí sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ẹ rìn dé etí Lake Estes: lára omi inú adágún yẹn wá láti apá kejì òkè. Wọ́n gbẹ́ ihò máìlì 13.1, Alva B. Adams Tunnel, gba abẹ́ àwọn òkè ńlá náà kọjá, omi àkọ́kọ́ sì gba inú rẹ̀ ní 1947. Ohun tí a ó fi ọkọ̀ rìn ní máìlì 48 lórí òkè, omi ń fi máìlì 13 rìn ín lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gba òdìkejì ibi tí a ń lọ bọ̀.

Ọjọ́ Kejì: Old Fall River Road gòkè, Trail Ridge Road sọ̀kalẹ̀

Ẹni tí ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà gidigidi, kí ó fo ọjọ́ yìí. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìgòkè. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ padà sí Estes Park, apá ọ̀tún títì ni a wà, ọ̀gbun Forest Canyon náà sì wà lápá ọ̀tún. Lọ́jọ́ kẹta tí a ó máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀gbun náà á bọ́ sí òsì, ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ á sì wà láàárín àwa àti òun.

Agogo 6:30 àárọ̀. Ẹnu ọ̀nà Fall River. Ní Sheep Lakes, àwọn àgùntàn igbó oníwo ńlá máa ń sọ̀kalẹ̀ wá lá iyọ̀ ilẹ̀ ní àkókò yìí. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 75 jìnnà sí wọn, ó kéré tán. Bákan náà ni fún elk, àgbọ̀nrín ńlá tó pọ̀ níbẹ̀. Fún béárì àti moose, ìbátan àgbọ̀nrín tó tóbi ju elk lọ, 120 ni.

Lẹ́yìn náà ni Alluvial Fan, òkìtì òkúta ràgàjì tó tú ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, 1982, ìsédò alámọ̀ tó wà ní Lawn Lake lókè já, omi sì gbé àwọn òkúta yìí wá. Ènìyàn mẹ́ta ló kú. Òkúta mìíràn níbẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ lọ.

Old Fall River Road ṣí ní 1920. Máìlì 11, òkúta wẹ́wẹ́, ìgòkè nìkan, kò sí ìpadàsẹ́yìn. Eré 15 máìlì ní wákàtí ni òfin. Ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 àti ọkọ̀ tó ń fa nǹkan lẹ́yìn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kò sì sí irin ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹ fi jíà sí L tàbí 2 láti ìsàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí jíà máa fúnra rẹ̀ lọ bọ̀ láàárín kìíní àti ìkejì, torí ìyẹn ló ń mú ọ́ìlì jíà gbóná. Ní àwọn kọ́nà tó ṣẹ́ padà bí orúnkún, ilẹ̀ máa ń ní ìgbì wẹ́wẹ́ nítorí táyà àwọn tó ti kọjá. Bí ẹ bá fún iná mọ́tò lójijì níbẹ̀, táyà á yí lófo, ọkọ̀ á sì yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kó agbára jọ kí ẹ tó wọ kọ́nà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kan náà gbà á títí dé òpin. Ẹ fi àyè ọkọ̀ mẹ́fà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni iwájú. Eruku rẹ̀ á dín kù, ẹ ò sì ní dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ó bá dúró.

Kò pẹ́ ni ẹ óò dé Chasm Falls, níbi tí omi ti ń já gba àárín òkúta. Àyè ọkọ̀ níbẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá ti kún, ẹ máa lọ.

Ẹ ó kíyè sí i pé ọkọ̀ kò lágbára bíi ti ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó ti kù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta lókè. Kò bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Bí géèjì ooru bá ń gòkè, ẹ pa AC, ẹ tan híítà sí ìparí, kí ẹ yà síbi àyè tó bá sún mọ́. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ rárá. Ní gíga yìí omi lásán ń hó ní bíi 88 ti Celsius, èyí tó wà nínú rédíétọ̀ sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdérí nìkan ló dì í mú.

Bíi agogo 8:30. Alpine Visitor Center, ẹsẹ̀ bàtà 11,796. Ẹ wo òrùlé rẹ̀: igi ńlá ńlá ni wọ́n dè mọ́ ọn bí àwọ̀n kí ìjì àti yìnyín má baà ká a lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìtajà wà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ Alpine Ridge Trail gba máìlì 0.6 lọ àti bọ̀, gíga rẹ̀ bíi ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì dé 12,005. Ó kúrú lójú máàpù, ṣùgbọ́n àyà ló máa sọ bó ṣe rí. Ẹ rìn bíi igbà tí ẹ ń gbé ẹrù, ẹ dúró nígbà tí èémí bá kúrú.

Agogo 10, ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ yà sí òsì láti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀nà náà kì í da gẹ̀rẹ́ ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó gùn, gígùn náà ló ń ba bíréèkì jẹ́. Ẹ fi jíà sí 2 tàbí 3 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sáré. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú. Nígbà tí eré bá kọjá ohun tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí eré fi máìlì 5 sí 10 rẹlẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹsẹ̀ tó ń fọwọ́ lé pẹ́dà jẹ́jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń sun páàdì. Ọkọ̀ oníná àti àwọn aládàpọ̀ epo àti iná ní jíà B tàbí ètò tó ń dá agbára padà sí bátìrì. Ẹ lò ó.

Bí ẹ bá gbóòórùn bí ìgbà tí aṣọ ń jó, tàbí tí pẹ́dà bá rọ̀, ẹ yà sí àyè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ fi sí P, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má da omi sí i. Irin gbígbóná tí omi tútù bá kàn lójijì lè tẹ̀ tàbí kó sán.

Ẹ ti wà nísàlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyókù ọjọ́ fún ìsinmi.

Ọjọ́ Kẹta: Estes Park sí Grand Lake, gba orí òkè

Ọjọ́ yìí ni gbogbo ìyókù ń ṣiṣẹ́ fún.

Agogo 6:30. Ẹnu ọ̀nà Beaver Meadows, lẹ́yìn náà Deer Ridge Junction, níbi tí US 36 àti US 34 ti pàdé. Láti ibí ni ìgòkè gidi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní 1929, wọ́n ṣí apá ìlà-oòrùn dé Fall River Pass ní 1932, wọ́n sì parí rẹ̀ dé Grand Lake ní 1938.

Many Parks Curve, bíi ẹsẹ̀ bàtà 9,600. "Park" níbí ni pápá tó tẹ́jú láàárín òkè, ẹ óò sì rí bíi mélòó kan nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rainbow Curve, 10,829: láti ibẹ̀ ẹ lè rí Old Fall River Road ti àná àti Alluvial Fan. Ẹ wo àwọn igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ̀ka wọn wà ní apá kan ṣoṣo bí àsíá, àwọn mìíràn kò ga ju orúnkún lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbó. Yìnyín tí ìjì ń fẹ́ ló ń gé èyí tó bá yọrí sókè. Ní nǹkan bíi 11,400 igi dópin, máìlì 11 tó kàn wà lókè ibi tí igi kankan lè hù.

Túńdírà nìyí: ilẹ̀ koríko kúkúrú, ewé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, òkúta àti afẹ́fẹ́. Ìgbà tí ewé lè dàgbà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ lọ́dún. Moss campion, tó dà bí tìmùtìmù kékeré tó ní òdòdó àwọ̀ osùn, lè lo ọdún mẹ́wàá kó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́. Ìrísí tìmùtìmù yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ìjì fò ó kọjá, ó sì ń pa ooru mọ́ láàárín ewé rẹ̀. Ẹ tẹ ẹyọ kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà, àmì náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí ẹsẹ̀ ti gba lemọ́lemọ́ lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí ó tó san. Ìdí nìyí tí rírìn kúrò lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ fi jẹ́ èèwọ̀ ní Forest Canyon, Rock Cut, Gore Range àti àyíká Alpine Visitor Center. Níbi tí kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òfin sì gbà, ẹ tẹ orí òkúta, kí ẹ má tò tẹ̀ lé ara yín lójú kan.

Forest Canyon Overlook, ẹsẹ̀ bàtà 11,716. Ẹ dúró níbí pẹ́. Ọ̀gbun tó wà níwájú yín jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 2,000 lọ. Yìnyín ayé àtijọ́ tó ń wọ́ bí odò ló gbẹ́ ẹ di ìrísí àwo. Okùn fàdákà tó wà nísàlẹ̀ láàárín igi ni odò Big Thompson, èyí kan náà tí a bá du àyè ní ọjọ́ kìíní.

Bí ẹ bá fẹ́ jáde nínú ọkọ̀, ẹ di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Ìjì orí òkè máa ń fa ilẹ̀kùn ya sẹ́yìn títí tí àgbékọ́ rẹ̀ á fi tẹ̀. Ẹ kọ ojú ọkọ̀ sí ìjì bí àyè bá wà.

Rock Cut, 12,110, agogo 8 tàbí kó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ Tundra Communities Trail bẹ̀rẹ̀ níbí, bíi máìlì kan lọ àti bọ̀, ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é. Èyí ni ìrìn tó dára jù lórí gbogbo ọ̀nà náà, bí àyè bá sì gba ẹyọ ìdúró kan péré, èyí ni kí ẹ mú. Láàárín òkúta ẹ óò gbọ́ igbe kúkúrú bíi fèrè: pika nìyẹn, ẹranko kékeré tó jẹ́ ìbátan ehoro, tí ń kó koríko jọ sábẹ́ òkúta láti jẹ nígbà òtútù. Marmot, ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́, tóbi jù ú lọ, ó máa ń na ara lórí òkúta nínú oòrùn. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ.

Nínú èémí kọ̀ọ̀kan níbí, ọ́síjìn kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń mí létí òkun lọ. Orí fífọ́ díẹ̀ kò ṣàjèjì. Bí ó bá wá di orí fífọ́ pẹ̀lú èébì, òòyì, tàbí tí ẹnì kan bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí, ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀.

Lava Cliffs tẹ̀ lé e, òkúta pupa tí eérú òkè oníná dì ní bíi mílíọ̀nù ọdún 28 sẹ́yìn. Láàárín rẹ̀ àti Gore Range Overlook ni títì ti dé 12,183, ibi tó ga jù. Àwọn ọ̀pá gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wà fún àwọn tó ń kó yìnyín: láti àárín oṣù Kẹrin ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà náà jáde, òkìtì yìnyín sì lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ ní àwọn ibì kan. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi ń mọ ibi tí títì wà.

Ẹ ti kọjá Alpine Visitor Center kó tó di agogo 11. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òjò àti àrá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ojoojúmọ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Oòrùn àárọ̀ ń gbóná gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ìkùukùu ń wú bí ẹ̀kọ tó ń hó, àrá á sì bẹ̀rẹ̀. Lórí túńdírà, ènìyàn ni ohun tó ga jù. Bí irun ọwọ́ bá dìde tàbí tí ẹ bá gbọ́ òkúta tó ń kùn, ẹ sáré padà sínú ọkọ̀, ẹ ti wíńdò, kí ẹ má fọwọ́ kan irin. Bádì irin ọkọ̀ ló ń darí mànàmáná lọ sílẹ̀, ọkọ̀ tó ṣí òrùlé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Milner Pass jẹ́ bíi máìlì mẹ́rin síwájú, ó sì fi bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 rẹlẹ̀ sí Alpine Visitor Center. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tó ga jù lórí títì ni omi ti ń pín sí méjì. Ibí ni. Omi tó bá ṣàn sí ìwọ̀-oòrùn bá odò Colorado lọ. Omi tó bá ṣàn sí ìlà-oòrùn bọ́ sínú Poudre Lake, adágún kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó gan-an, ó sì bá Platte, Missouri àti Mississippi dé Gulf of Mexico. Ẹ wo adágún náà dáadáa. Ọ̀la a ó tún pàdé omi rẹ̀.

Farview Curve, 10,120. Ní ara òkè Never Summer lódìkejì ẹ óò rí ìlà kan tó fà gbọọrọ. Grand Ditch ni, kòtò omi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní 1890, tí wọ́n parí ní 1936, láti gba omi tí ì bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn kí wọ́n sì yí i padà sí oko ìlà-oòrùn.

Láti ibí kọ́nà tó ṣẹ́ padà pọ̀ títí dé àfonífojì Kawuneeche. Jíà kékeré, bíi ti àná. Nísàlẹ̀, odò Colorado, tí gbogbo ayé mọ̀ fún Grand Canyon, kò fẹ̀ ju ohun tí ọmọdé lè sọ òkúta kọjá lọ. Moose pọ̀ nínú igbó etí omi rẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kí ó yà kúrò lójú títì pátápátá kó tó dúró.

Ẹ óò tún rí òkú igi dúdú lọ títí. Iná East Troublesome ló jó wọn ní oṣù Kẹwàá 2020, ó lé ní éékà 193,000, ẹyin iná tí ìjì gbé sì fò kọjá túńdírà tí kò ní igi, ó tún ràn ní apá Estes Park. Ẹ sùn ní Grand Lake, ẹsẹ̀ bàtà 8,369, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún àdánidá tó tóbi jù ní Colorado.

Ọjọ́ Kẹrin: Grand Lake sí Fort Collins, bíi máìlì 170

Agogo 7. US 34 dé Granby, US 40 sí ìwọ̀-oòrùn díẹ̀, kí ẹ yà sí ọ̀tún sórí Colorado 125. Ilẹ̀ tí iná jó kì í mu omi bí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà òjò díẹ̀ lè da ẹrẹ̀ sójú títì; ẹ wo ìròyìn ọ̀nà lórí ìkànnì COtrip láàárọ̀. Willow Creek Pass, 9,621, ni ìgbà kejì tí a ó kọjá ibi tí omi ti ń pín. Lẹ́yìn rẹ̀ ilẹ̀ tẹ́ lọ gbansasa dé Walden.

Ẹ kún táńkì ní Walden. Ó lé ní máìlì 90 láti ibẹ̀ dé ẹnu àfonífojì Poudre, ẹ má sì fọkàn tán ilé epo kankan láàárín.

Colorado 14. Ní agbègbè Gould, moose wà tí baba ńlá wọn wá láti Utah àti Wyoming. 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá sí North Park, pápá ńlá tó yí Walden ká. Cameron Pass, 10,276, òkúta ṣóńṣó Nokhu Crags lápá ọ̀tún kí ẹ tó dé ibẹ̀. Iná Cameron Peak bẹ̀rẹ̀ nítòsí ibí ní oṣù Kẹjọ 2020, ó jó ju éékà 208,000 lọ, kò sì sí iná igbó tó tóbi tó o nínú àkọsílẹ̀ Colorado.

Omi kékeré tó ń bá wa sọ̀kalẹ̀ láti Cameron Pass ni Joe Wright Creek. Ní ẹnu ọ̀nà ẹsẹ̀ Big South, odò kan jáde láti apá ọ̀tún, ó sì gba gbogbo àfonífojì lọ́wọ́ rẹ̀. Odò yẹn ni Cache la Poudre, omi Poudre Lake tí a fi sílẹ̀ lánàá lórí Milner Pass. Orúkọ rẹ̀ wá láti èdè Faransé, "fi ẹ̀tù pamọ́". Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Púdà. Láti 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń dáàbò bo apá púpọ̀ lára rẹ̀, òun nìkan sì ni odò tó ní irú ààbò Wild and Scenic bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà.

Ìsọ̀kalẹ̀ yìí gùn ju ti Trail Ridge lọ ṣùgbọ́n kò da gẹ̀rẹ́ tó o. Ewu rẹ̀ ni oorun awakọ̀ àti kọ́nà tí òkúta bò. Àyè ìyàsí pọ̀. Bí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá ti tò sẹ́yìn yín, ẹ yà fún wọn. Òkúta máa ń já sójú ọ̀nà lẹ́yìn òjò, pàápàá ní Narrows ti àfonífojì Poudre (kì í ṣe ti ọjọ́ kìíní), níbi tí ògiri méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ títì gba inú ihò òkúta kúkúrú kan. Ẹ tan iná ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ìkìlọ̀ àkúnya ti ọjọ́ kìíní ṣì wà níbí, ó tilẹ̀ le sí i, nítorí òkè tí iná jó ló yí odò yìí ká.

Ní Ted's Place àfonífojì ṣí, US 287 dé, ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹ fún ọkọ̀ ní wákàtí mẹ́ta kó tutù ní Fort Collins, kí ẹ wọn táyà. Bí iye rẹ̀ bá fi ju psi 2 lọ rẹlẹ̀ sí ti Loveland, ó ṣeé ṣe kí táyà náà máa jò níbì kan, ẹ wá ìṣó tàbí ojú ihò fáàfù kí ẹ tó wọ ọ̀nà eré. Ẹ tàn tọ́ọ̀ṣì sáàárín ẹsẹ̀ táyà wo díìsì bíréèkì: àwọ̀ búlúù lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó gbóná kọjá ààlà lórí òkè, páàdì rẹ̀ sì ní láti kúrò.